Irin, Ìwé àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu: Onífá Nínú Àpótí Ẹlẹ́rìí



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ó ti ń dùn wá lọ́kàn tipẹ́. Ó dá lórí ohun tí onífá ń ṣe nígbà tí wọ́n bá pè é sí kótù pé kó wá jẹ́rìí. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Akọ̀wé kótù á dìde, á béèrè pé, "Bíbélì àbí Kùránì?" Ẹni tó bọ Ifá láàárọ̀ ọjọ́ náà kó tó kúrò nílé á wo ọ̀tún, á wo òsì, á rí i pé ojú gbogbo èèyàn ti wà lára òun, á sì na ọwọ́ gba Bíbélì. Bó bá jáde, tí a bá bi í pé kí ló dé, á ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, ìwé wọn ni, kò kàn mí."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló mú wa gbé kálámù. Ẹni tó ní kò kan òun rò pé òun ti rí ihò tí òun lè gbà sá: pé ìbúra tí òun fi ìwé ẹlòmíràn ṣe kò de òun, nítorí náà bí òun bá fi irọ́ díẹ̀ lu òótọ́, òrìṣà òun kò gbọ́, Ọlọ́run oníwèé náà kò sì mọ òun rí. Àwa ní ó dè é. Òfin ìjọba ní ó dè é. Ifá náà ní ó dè é, èyí la sì fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa fúnra wa. Ní ọdún 1994, wọ́n pè wá sí kótù ìbílẹ̀ kan, a kò ní dárúkọ ibẹ̀, lórí ẹjọ́ ilẹ̀ láàárín àwọn ẹbí wa méjì. A wà níbẹ̀ nígbà tí a ṣì kéré, tí àwọn àgbà gbin pèrègún sí ààlà oko náà. Ìdí nìyẹn tí apá kan fi pè wá. Akọ̀wé béèrè ìbéèrè tí à ń sọ yìí. A ní, "Ìṣẹ̀ṣe ni wá, Ògún la ó fi búra." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé tú gbogbo dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, kò rí àdá. Ó ní wọ́n ti ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀, pé ó sọnù nígbà tí wọ́n ń kun ilé. Ló bá yọ kọ́kọ́rọ́ àgádágodo lápò, ó nà án sí wa.

A wo kọ́kọ́rọ́ náà. Idẹ ni.

A ní, "Olúwa mi, idẹ nìyí. Ọ̀ṣun ló ni idẹ, Ògbóni ló ń fi í rọ edan. Ògún la bẹ̀bẹ̀ fún." Bàbá tó jókòó gẹ́gẹ́ bí ààrẹ kótù yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Awo, ṣé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ ni?" A ní, "Ó wà, sà." Ó ronú díẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ wá irin. Ìyá kan tó ń ta ìrẹsì lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kótù ló fi ọ̀bẹ rẹ̀ ránṣẹ́. Òórùn àlùbọ́sà ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tí a fi ẹnu kàn án.

Ibi tí a ń lọ gan-an rèé. Àwọn tó pè wá ń retí pé ká sọ pé pèrègún márùn-ún ni wọ́n gbìn, nítorí márùn-ún ló gbé ààlà dé ibi tí wọ́n fẹ́. Mẹ́ta ni ojú wa rí. Mẹ́ta la sọ. Ẹ̀rí wa kò gbè wọ́n, ẹnì kan nínú wọn, ọmọ ìyá bàbá wa, kò kí wa mọ́ títí tó fi re ìwàlẹ̀ àṣà. A ti bi ara wa léèrè lọ́pọ̀ ìgbà láti ọdún yẹn wá: bí akọ̀wé bá ti gbé Bíbélì lé wa lọ́wọ́, tí a sì gbà á nítorí ìtìjú, ṣé à bá sọ márùn-ún? A kò lè fi ọwọ́ sọ àyà pé rárá. Ìyẹn ló sì ń bà wá lẹ́rù, nítorí bó bá jẹ́ pé ọ̀bẹ oníresì nìkan ló mú wa sọ òótọ́, à jẹ́ pé a kò tíì mọ Ifá tí a ń dá.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI JẸ́ ÒGÚN?

Àwọn olùwádìí máa ń bi wá ní èyí, pàápàá àwọn tó ti kàwé púpọ̀ lórí Ògbóni. Òótọ́ ni pé kì í ṣe Ògún nìkan la fi ń búra nílẹ̀ Yorùbá. A ń bá ara wa mulẹ̀, ẹni tó bá sì yẹ̀ ẹ́, ọ̀dàlẹ̀ lorúkọ rẹ̀. A ń fi edan búra nínú ilédì, níwájú àwọn tó ti wọ awo náà. Àwọn onísàngó ń fi ẹdùn àrá búra. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, Ayélála lèké ń bẹ̀rù, òkìkí rẹ̀ sì ti kọjá omi dé ìlú Bìní, níbi tí àwọn tí ọ̀lẹ̀ dùn mọ́ nínú ìjọ àti mọ́ṣáláṣí náà ti ń sá tọ̀ ọ́ lọ nígbà tí wọ́n bá jí wọn lówó.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ní ilé, tí wọ́n sì ní olùtọ́jú. Edan kì í jáde wá bá ọ̀gbẹ̀rì nínú gbọ̀ngàn kótù. Ayélála ní àwòrò tí yóò pè é. Ògún kò dúró de àwòrò kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀. Ọkọ́ àgbẹ̀, ọ̀bẹ alápatà, abẹ olóólà, abẹ́rẹ́ aránṣọ, mọ́tò awakọ̀, Ògún ni gbogbo rẹ̀. Awakọ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí mọ ohun tí irin lè ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni mẹkáníìkì tó jẹ́ Kírísítẹ́nì. Òun nìkan ni òrìṣà tí olùpẹ̀jọ́, olùjẹ́jọ́, ọlọ́pàá àti adájọ́ jọ ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́. Ìtàn wa sì sọ pé nígbà tí àwọn òrìṣà ń bọ̀ wá sílé ayé, tí igbó dí wọn lọ́nà, Ògún ló fi irin là á. Ẹni tó la ọ̀nà ni à ń pè pé kó wá la ọ̀rọ̀.

Nígbà tí kótù ìbílẹ̀ gbilẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 1914, irin ló rọrùn jù láti gbé sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì àti Kùránì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ kótù. Ẹlẹ́rìí á mú un lọ́wọ́, á fi ẹnu tàbí ahọ́n kàn án, á ní òótọ́ lòun fẹ́ sọ, bí òun bá purọ́ kí Ògún dá òun lẹ́jọ́. Àwọn mìíràn á dárúkọ ìyá tó bí wọn mọ́ ọn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí, nítorí àwọn tó kàwé, títí kan àwọn ọmọ wa, máa ń pa wọ́n pọ̀. Ìbúra kì í ṣe àdánwò májèlé. Láyé ọjọ́un, àwọn ibì kan wà tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n fura sí ní omi èèpo igi obò mu. Bó bá bì í, wọ́n á ní ó mọ́, bó bá kú, wọ́n á ní ẹ̀bi rẹ̀ ló pa á. Criminal Code, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òfin ọdún 1916, ka èyí léèwọ̀ ní ẹsẹ 207, ó sì dárúkọ obò, òróró gbígbóná, iná, àti jíju èèyàn sí ọ̀nì. A kò sunkún pé ó kásẹ̀ nílẹ̀. Àdánwò ń fi ipá gba ìdáhùn lọ́wọ́ òrìṣà ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìbúra ń gbé ọ̀rọ̀ síwájú òrìṣà, ó sì ń fi í sílẹ̀ fún un ní àkókò tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ nínú bọ́ọ̀sì pé kí wọ́n máa fi Ògún búra fún àwọn olóṣèlú wa kí wọ́n lè máa ṣubú lulẹ̀ ní kíá, ẹ má bá wọn pàtẹ́wọ́ jù. A mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n òrìṣà kì í ṣe ọlọ́pàá tí a lè rán níṣẹ́, ẹni tó sì ń ka ọjọ́ méje fún Ògún ti ń kọ́ Ògún ní iṣẹ́ rẹ̀.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ẹ jẹ́ ká wá yà sọ́dọ̀ òfin Òyìnbó díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni kótù òde òní ti ṣẹ̀ wá, ọ̀pọ̀ awo ni kò sì mọ̀ pé ọ̀nà ti là fún wa níbẹ̀ tipẹ́.

Edward Coke, àgbà adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1634, ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìgbàgbọ́ kò lè búra, nítorí náà kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí fi jókòó. Òwò ló yẹ̀ ẹ́ nídìí. Oníṣòwò ará Íńdíà kan, Omychund, pe Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Barker lẹ́jọ́ gbèsè. Àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ kì í ṣe Kírísítẹ́nì. Ní Calcutta ni wọ́n ti gba ẹ̀rí wọn, wọ́n sì búra gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn, nípa fífi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ àlùfáà Bíráámánì. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, ní 1744, Lord Chancellor Hardwicke àti àwọn àgbà adájọ́ tó bá a jókòó gbà pé ìbúra náà dúró. Àlàyé wọn ni pé ohun tó jẹ́ egungun ìbúra ni kí ẹni tó ń búra gbà pé ọlọ́run kan wà tí yóò jẹ òun níyà bí òun bá purọ́. Bí a ṣe ṣe é lóde ara, àṣà oníkálukú ni. Ẹ má rò pé ìfẹ́ ẹlẹ́sìn mìíràn ló mú wọn ṣe é o. Bí ará Íńdíà kò bá lè jẹ́rìí, òwò Òyìnbó ní Íńdíà kò lè rìn.

Àwọn Kírísítẹ́nì pàápàá ní tiwọn. Àwọn Quaker kò gbà kí ènìyàn búra rárá, nítorí pé Jésù sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé Mátíù orí karùn-ún. Láti 1695 ni òfin ti gbà kí wọ́n kàn jẹ́jẹ̀ẹ́ láìbúra. Lẹ́yìn náà ni Charles Bradlaugh dé, ẹni tí kò gba Ọlọ́run kankan gbọ́. Wọ́n dìbò yàn án sí ilé aṣòfin ní 1880, ọ̀rọ̀ ìbúra kò jẹ́ kó jókòó dáadáa títí di 1886, òun ló sì ṣe agbátẹrù òfin 1888 tó fún gbogbo ẹni tí kò bá fẹ́ búra ní àyè láti jẹ́jẹ̀ẹ́.

Èkó bọ́ sábẹ́ Òyìnbó ní 1861. Òfin Kótù Gíga Jùlọ ti 1876, èyí tó kan Gold Coast àti Èkó pọ̀, ló kó òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọlé fún wa. Nígbà yẹn, ìdájọ́ Hardwicke ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìyẹn ni pé ilẹ̀kùn ti ṣí kí òfin náà tó dé etíkun wa. Lójú tiwa, kì í ṣe òfin ló ń ti ìwé sí wa lọ́wọ́ bí kò ṣe ọ̀lẹ akọ̀wé àti ìtìjú àwa fúnra wa.

Lónìí, Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ní ẹsẹ 205, ní kí gbogbo ẹ̀rí ẹnu wà lórí ìbúra tàbí ìjẹ́jẹ̀ẹ́ bí Oaths Act ṣe là á sílẹ̀. Oaths Act náà, láti 1963, kò fi ìbúra mọ sí Kírísítẹ́nì, Júù àti Mùsùlùmí; ẹlòmíràn lè búra ní ọ̀nà tí ó bófin mu fún un, tàbí kó jẹ́jẹ̀ẹ́. Ẹsẹ 38 nínú Ìwé Òfin Ilẹ̀ wa ti 1999 sì fún wa ní òmìnira ẹ̀sìn. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún yín pé ojúrere ni wọ́n ń ṣe fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ní "kò kàn mí," apá tiyín nìyí. Criminal Code, ẹsẹ 117, ṣàlàyé ìbúra èké. Ó ní bí wọ́n ṣe ṣe ìbúra náà, ohun tí wọ́n fi ṣe é, kò já mọ́ nǹkan kan, bí ẹni tó búra bá ti gbà kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ fún òun. Ẹ tún un kà. Bó o bá ti na ọwọ́ gba Bíbélì, o ti gbà. Adájọ́ kò ní bi ọ́ bóyá o máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ 118 ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni ìjìyà rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé irọ́ náà ni wọ́n fẹ́ fi dá ẹnì kan lẹ́bi ẹ̀sùn tí ikú wà nídìí rẹ̀, ẹ̀wọ̀n gbére ni.

OHUN TÍ IFÁ WÍ

Orúkọ wo là ń pe Ọ̀rúnmìlà? Ẹlẹ́rìí Ìpín. Lójoojúmọ́ là ń pè é bẹ́ẹ̀, a kì í sì dúró gbọ́ ohun tí à ń wí. Ẹlẹ́rìí ni. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀dá ń yan orí, ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè sọ ọ́. Kò sí ẹ̀sìn kan tí a mọ̀ tó gbé iṣẹ́ ẹlẹ́rìí ga tó báyìí, tó fi jẹ́ pé òun ni oríkì ẹni tó mú ẹ̀sìn náà wá. Ọmọ awo tó bá wá wọ àpótí ẹlẹ́rìí, iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló ń ṣe níbẹ̀.

Odù púpọ̀ ló sọ̀rọ̀ lórí òótọ́. Ọ̀sá Òtúrá ni àwọn olùwádìí máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa yóò fa ti Ìká Òfún jáde, nítorí ó fara mọ́ ọ̀rọ̀ ìbúra ju bí a ti rò lọ. Gbogbo awo ló mọ ìtàn àwọn àgbààgbà mẹ́rìndínlógún tó ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀ nítorí ẹ̀mí gígùn. Ifá kìlọ̀ ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe fún wọn, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé kí wọn má ṣe sọ pé àwọn mọ ohun tí wọn kò mọ̀. Wọn kò pa ìkìlọ̀ mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ni wọ́n bá ké pé Ọ̀rúnmìlà ló ń pa àwọn. Ó dá wọn lóhùn pé òun kọ́, pé ohun tí wọ́n gbọ́ tí wọn kò ṣe ló ń pa wọ́n.

Ẹ wo ohun tí kò sí nínú ìtàn yìí. Kò sí irin, kò sí ìwé, kò sí edan. Ọ̀rọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi gbà á, ẹnu náà ni wọ́n fi dà á, ìyà rẹ̀ kò sì ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá. Bí a bá mú èyí wá sí kótù, ohun tó dè ọ́ ni pé o la ẹnu níwájú èèyàn pé òótọ́ ni wàá sọ. Irin ń rán ọ létí ni. Ìwé náà ń rán onítirẹ̀ létí. Orí rẹ gbọ́, ilẹ̀ tí o dúró lé gbọ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún kù. Ẹni tó ń fi Bíbélì búra ní kótù ń sọ pé Ọlọ́run Olódùmarè lòun fi búra. Ta ló ni orúkọ yẹn? Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá bá a nílẹ̀ lẹ́nu wa ni, wọ́n mú un lò. Bí onífá bá pe Olódùmarè níwájú adájọ́, tó wá purọ́, tó tún ní ìwé ẹlòmíràn lòun fi búra, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ Olódùmarè wo ló fẹ́ sá lọ?

Àwọn kan nínú wa wá ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a kúkú máa gbé Ifá lọ sí kótù, kí babaláwo máa fi ikin tàbí ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ búra, kí ayé lè mọ̀ pé àwa náà ní tiwa. Àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, a sì fẹ́ràn ìtara wọn. A kò fara mọ́ ọn ṣá. Ikin tí a tẹ̀ fún ènìyàn jẹ́ tirẹ̀ àti ti orí rẹ̀, kì í ṣe ohun tí akọ̀wé kótù yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò kọ nọ́ńbà sí lára, tí yóò tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ńkọ́? Ohun ìbéèrè ni, ìdáhùn la ń retí lẹ́nu rẹ̀. Nínú kótù, ìwọ ni wọ́n ń bi, kì í ṣe òun. Ògún ló yẹ ibẹ̀. Kò sì sí babaláwo tí kì í lo ọ̀bẹ nídìí ẹbọ, nítorí náà kò sí èyí tó jẹ́ àjèjì sí Ògún nínú wa.

Èyí mú wa dé orí àṣìṣe kan tí a ti rí lójú wa. Babaláwo kan wọ àpótí ẹlẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ olè, ó búra, ó ní òun mọ ẹni tó jalè. Wọ́n ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní Ifá ló sọ fún òun. Lọ́yà dìde, ọ̀rọ̀ sì bàjẹ́. Òfin Ẹ̀rí, ní ẹsẹ 126, ní kí ẹlẹ́rìí sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí tàbí tí etí òun fúnra rẹ̀ gbọ́. Ohun tí Ifá fi hàn ọ́ nídìí ọpọ́n wà fún ẹni tó wá dá Ifá, kó lè rú ẹbọ, kó sì mọ bí yóò ṣe gba ibẹ̀. Ojú rẹ kò rí i. Kì í ṣe pé a ń rẹ Ifá sílẹ̀. Ọ̀rúnmìlà gan-an, ohun tó ṣojú rẹ̀ ló ń jẹ́rìí sí. Ìkìlọ̀ inú Ìká Òfún náà la tún padà bá yìí.

Ìbúra tí wọ́n fi ń bo òótọ́ mọ́lẹ̀ ńkọ́? Èyí ló burú jù, kò sì jìnnà sí wa. Àwọn aṣòwò ẹrú òde òní tó ń kó ọmọbìnrin láti ilẹ̀ Ẹdó lọ sí Yúróòpù máa ń mú wọn lọ búra nídìí òrìṣà kí wọ́n tó gbéra, pé wọn kò ní sá, wọn kò sì ní dárúkọ ẹni tó kó wọn. Nígbà tí ọlọ́pàá bá gbà wọ́n sílẹ̀ ní Ítálì tàbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn lè sọ̀rọ̀ ní kótù. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti ìlú Bìní kó àwọn olùtọ́jú òrìṣà jọ, ó tú gbogbo irú ìbúra bẹ́ẹ̀ ká, ó sì ṣẹ́ èpè lé ẹni tó bá tún mú ọmọ ẹlòmíràn búra fún òwò náà. A kí Kábíyèsí fún ìyẹn. Àwa Yorùbá kò gbọdọ̀ rò pé ti Bìní nìkan ni. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ọmọ kan wá sí ìdí Ifá tàbí Ògún rẹ pé kó wá búra pé òun kò ní sọ ibi tí wọ́n ń mú òun lọ, tí o sì gba owó rẹ̀, ìwọ ni ọ̀dàlẹ̀, kì í ṣe ọmọ náà. Òrìṣà kì í ṣe ẹlẹ́rìí fún ìkà. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sì tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú ẹ̀rù, rú ẹbọ tó yẹ fún un, tú u sílẹ̀, kí o sọ fún un pé kó lọ sọ òótọ́.

Ọ̀rọ̀ àṣírí awo yàtọ̀ sí èyí. Ohun tí èèyàn bá bá babaláwo sọ nídìí Ifá, a kì í tú u síta. Ṣùgbọ́n ààbò tí Òfin Ẹ̀rí fún ọ̀rọ̀ lọ́yà àti oníbàárà rẹ̀, kò nà án dé ọ̀dọ̀ wa. Bí wọ́n bá bi yín ní irú rẹ̀ lẹ́yìn ìbúra, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má purọ́ pé ẹ kò mọ̀. Ẹ sọ fún adájọ́ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí yín lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí awo ni, kí ó pinnu. Ọ̀rọ̀ náà nira, a sì fẹ́ kí ìgbìmọ̀ wa jókòó lé e lórí lọ́jọ́ mìíràn.

Àwọn ará wa lẹ́yìn odò náà ń kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Oaths Act ti 1978 fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe Kírísítẹ́nì tàbí Júù láti búra ní ọ̀nà tó bófin mu, tàbí kó jẹ́jẹ̀ẹ́. Ní kótù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, òfin ẹ̀rí wọn, nọ́ńbà 603, kò béèrè ìwé kankan. Ohun tó fẹ́ ni pé kí ìbúra tàbí ìjẹ́jẹ̀ẹ́ náà wọ ẹlẹ́rìí lọ́kàn. Ní Bùràsílì, ẹlẹ́rìí ń fi iyì ara rẹ̀ ṣèlérí pé òótọ́ lòun yóò sọ, nítorí náà ìbéèrè Bíbélì kò dìde fún àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé rárá.

Fún ẹ̀yin tó wà nílé, ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n bá pe orúkọ yín. Ẹ tètè dé kótù, ẹ bá akọ̀wé sọ ọ́ ní ìdákẹ́jẹ́ pé onísẹ̀ṣe ni yín, pé irin lẹ ó fi búra. Bí kò bá sí irin níbẹ̀, pé ẹ mú tiyín wá. Ẹ má gbé àdá o. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kótù gíga kò ní jẹ́ kí ẹ wọlé, wọ́n sì jàre. Irin kékeré tí kò ní ojú, tó ti ọwọ́ alágbẹ̀dẹ wá, ti tó. Ẹ fi han ẹ̀ṣọ́, ẹ fi han akọ̀wé. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ ní ìjẹ́jẹ̀ẹ́ lẹ ó ṣe. Bó bá wá jẹ́ Bíbélì náà ni ọwọ́ yín bà, ẹ rántí ohun tí a ti wí lókè nípa ẹsẹ 117 àti nípa Olódùmarè. Àwa fúnra wa ti ní irin tiwa láti ọdún 1994, ó gùn tó ìka ọwọ́, aṣọ funfun la fi wé e nínú àpò Ifá. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti mú un wọ kótù láti ìgbà náà, akọ̀wé kan tilẹ̀ béèrè pé ṣé idẹ ni.